Kílọ́ìdì kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ okùn

Sí ọmọ mi tó kọ̀wé láti Òṣogbo,

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ni mo kà ní àkàtúnkà: “Nígbà tí wọ́n yọ okùn tí wọ́n fi rán etí mi, wọ́n ní ó ti tán, pé kí n má wulẹ̀ padà wá mọ́.” Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ló kó ọ sí wàhálà tí o wà yìí. Kókó etí rẹ kò ju èkùrọ́ lọ kí wọ́n tó gé e. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó ti tóbi ju bó ṣe wà lọ, wọ́n sì tún ń pè ọ́ pé kí o wá, àwọn á gé e lẹ́ẹ̀kejì. Má tíì lọ. Abẹ kò burú, àmọ́ abẹ nìkan kò tó, ohun tó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ là yé ọ nìyẹn kí wọ́n tó gbowó lọ́wọ́ rẹ.

Bí nǹkan bá ya wá lára, ara máa ń ṣe fọ́nrán kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn láti fi dí ojú ọgbẹ́. Tí ọgbẹ́ bá ti pa dé, iṣẹ́ náà á dẹwọ́, àpá á máa rọ̀, á máa tẹ́, títí di bí ọdún kan tàbí ọdún kan àbọ̀. Ara ẹni tó ní kílọ́ìdì kì í ṣíwọ́ lásìkò. Á máa ṣe kọ́lájìn lọ títí àpá á fi kọjá ààlà ọgbẹ́, tí á wọ inú awọ tí ọgbẹ́ kò kàn rárá. Ìdí nìyí tí Alibert, oníṣègùn ará Faransé tó kọ nípa rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fi ọwọ́ akàn sọ ọ́ lórúkọ. Àpá mìíràn wà tó máa ń ga, ṣùgbọ́n tí kì í kúrò lójú ọgbẹ́, ìyẹn sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Tìrẹ ti yí lọ sí ẹ̀yìn etí, nítorí náà ó jọ kílọ́ìdì gan-an. Wá bá mi rò ó: bí ojú abẹ́rẹ́ tíntín tí wọ́n fi lu etí rẹ bá lè mú kí ara ṣe irú èyí, kí ni ọgbẹ́ abẹ tó gùn jù ú lọ máa mú kó ṣe? Ìwádìí oríṣiríṣi fi hàn pé bí wọ́n bá gé kílọ́ìdì láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í, láàárín 45 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà hù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣírí láàárín àwọn tó ń fọwọ́ kan abẹ. Ta ló wá ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún aláìsàn pé kó má padà wá?

O ní ìyá àgbà rẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ló burú. Kò burú. Láyé tí ìlà kíkọ gbòde, olóòlà kan náà lè fi abẹ kan náà kọlà fún ọmọ ìyá méjì, kí ti ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ti èkejì sì wú bí okùn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dẹ́ṣẹ̀. Kílọ́ìdì máa ń rìn nínú ìdílé, ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, láti bí ọmọ ọdún 10 sí 30 ló sì máa ń yọjú jù. Etí rẹ gan-an jẹ́rìí sí i: ihò tí wọ́n lu fún ọ ní ìkókó kò ṣe nǹkan kan, èyí tí o lu kún un ní ọmọ ọdún 19 ló wú. Ìwádìí kékeré kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 rí irú rẹ̀, pé àwọn tó lu etí láti ọmọ ọdún 11 sókè ní kílọ́ìdì ju àwọn tó ti lu tiwọn ṣáájú ìgbà náà lọ. Àwọn ìyá wa tó ń tètè lu etí ọmọ kò ṣìṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bèèrè fún ni ìtọ́jú tó ní ọjọ́ ìpadàwá nínú. Ọ̀pọ̀ dókítà awọ ara máa ń fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀: oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń pè ní triamcinolone ni wọ́n ń gún sínú kókó náà gan-an, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra, fún oṣù mélòó kan. Á máa rọ̀, á máa fún, yíyún rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Ó ń dunni, mi ò ní tàn ọ́. Ó sì lè mú kí ojú ibẹ̀ funfun tàbí kí awọ fẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ sábà máa ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kókó náà bá tóbi ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè ká lọ, kí wọ́n gé e, ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé abẹ. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti jiná, kí o máa lo yẹtí tí wọ́n dìídì ṣe láti máa fún etí, tàbí bébà rírọ̀ tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe. Èyí kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí méjìlá lójúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tó bá lágídí, wọ́n lè ta ìtànṣán sí i láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, irú èyí tí wọ́n ń lò fún aláìsàn jẹjẹrẹ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn. Pẹ̀lú ìyẹn, ó lè má ju ẹnì kan nínú márùn-ún lọ tí tirẹ̀ á padà hù. Ẹ̀rù ìtànṣán ń bà ọ́, o sì jàre. Wọn kì í sáré lò ó fún ọmọdé tàbí aboyún. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n ń ta, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta á sí, ewu rẹ̀ sì kéré gan-an fún àgbàlagbà.

O máa sọ pé owó ọkọ̀ láti Òṣogbo sí Ìbàdàn lóṣooṣù kì í ṣe kékeré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣírò owó iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, ṣírò èkejì tí wọ́n ń pè ọ́ fún, kí o fi ẹ̀kẹta kún un, nítorí ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ nìyẹn. Bí dókítà awọ ara bá wà nítòsí tó lè gún abẹ́rẹ́ náà, ó di dandan kí o kọ́kọ́ wá a kàn kí o tó wọkọ̀ Ìbàdàn.

Ní ti ìpara abóra tí obìnrin ọjà tà fún ọ, dà á nù lónìí. Kọ́lájìn tó ti dì sínú awọ kọjá ohun tí ìpara abóra lè dé. Ohun tí hydroquinone àti mẹ́kúrì inú rẹ̀ lè dé ni awọ tó yí i ká, wọ́n á bó o, wọ́n á sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé okùn dókítà kò ní rí ibi tó dára dì mú lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rán an. Inú ń bí mi sí ẹni tó ń tà á fún ọ ju bó ṣe ń bí mi sí ẹni tó gé ọ lọ, nítorí ẹni tó gé ọ ṣì mọ apá kan iṣẹ́ náà.

Bí o bá dé iwájú dókítà, bi í pé: “Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ọjọ́ wo ni kí n padà wá, kí lẹ ó sì máa ṣe fún mi títí di ọdún tó ń bọ̀?” Bí kò bá ní ìdáhùn, dìde, kí o kí i pé ó dàbọ̀.

Ọmọ mi, mo rí ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, pé ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà, pé ìwọ ni ọ̀rẹ́ ìyàwó, àti pé ìdí tí o fi ń kánjú nìyẹn. Bí wọ́n bá gé e báyìí, àsìkò ìgbéyàwó gan-an ló lè máa wú padà. Bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ná. Bó bá wù ọ́, wé gèlè rẹ kó bo etí lọ́jọ́ náà. Bí kò bá wù ọ́, jẹ́ kó hàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti rí etí yẹn kó tó sọ pé ìwọ ni kí o dúró ti òun.