Kí A Tó To Búlọ́ọ̀kù Àkọ́kọ́: Ẹ Jẹ́ Ká La Ọ̀nà fún Omi

Ẹ̀yin ará wa tí omi lé kúrò nílé,

A mọ̀ pé ohun tó jẹ yín lọ́kàn jù ni bí ẹ ó ṣe padà sábẹ́ òrùlé tiyín. Owó tó wà lọ́wọ́ kò pọ̀, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ wa bíi ká fi gbogbo rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù àti páànù lọ́la. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ tí a kò tún ṣe lè jẹ owó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí ń sọ: ká la ọ̀nà fún omi kí a tó kọ́ ilé fún ara wa.

1. Ṣé ibẹ̀ ṣì yẹ ní kíkọ́lé sí?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn, ó sì gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà odò àti pàǹtí tó dí i ló mú kí omi wá ọ̀nà gba inú ilé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ya bo ìlú kan náà. Odò kì í gbàgbé ojú ọ̀nà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni odò Yewa àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo ilà ẹrẹ̀ tí omi fi sára ògiri, kí ẹ wọ̀n bó ṣe ga tó. Ẹ bi àwọn àgbà: ṣé àkùrọ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣé igi ògùrọ̀ ń hù níbẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá mọ̀lẹ́bí tàbí baálẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tó wà lókè, kódà bó bá kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ní Ìlaròó fún Gúúsù Yewa àti ní Ayétòrò fún Àríwá Yewa, bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò tó.

2. Ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ní

Ẹ bu erùpẹ̀ tútù díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i bí okùn. Bó bá ń já, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láì já, amọ̀ ni. Amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, ó sì máa ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ló ń la ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò kan tó dé orúnkún, kí ẹ bu omi kún un. Bó bá fà tán, ẹ tún bu òmíràn sí i. Bí omi kejì yìí bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ náà kì í fa omi, gọ́tà sì di dandan.

3. Títẹ́ ilẹ̀

Ẹ ha erùpẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ kúrò pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ó tó íǹṣì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ má fi í kún abẹ́ ilé, ẹ má sì fi ẹrẹ̀ tí omi gbé wá kún un, torí méjèèjì yóò rì. Ilẹ̀ pupa tó ní yangí ló dára fún kíkún. Ẹ máa dà á ní íǹṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi òòlù igi lù ú títí yóò fi le, kí ẹ tó da òmíràn. Ìtí erùpẹ̀ tí típà dà sílẹ̀, tí a kàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kò tíì di ìpìlẹ̀.

Ibi tí ilé wà ni kó ga jù. Láti ara ògiri, kí ilẹ̀ fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10. Rọ́bà funfun tí bíríkìlà ń bu omi sí ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n: ibi tí omi dúró sí ní etí kan ló máa ń dúró sí ní etí kejì. Kí ojú ilẹ̀ inú ilé ga ju ilà ẹrẹ̀ tí ẹ wọ̀n lọ. Bí ilà náà bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí apá kò fi lè ká a, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ilé wà.

4. Ọ̀nà omi

Ẹ gbẹ́ gọ́tà sí apá òkè ilé, kó yí ilé ká bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kó lè gba àgbàrá kó tó dé ara ògiri. Kó máa fi ẹsẹ̀ bàtà 1 rẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ bàtà 100, ó kéré tán. Níbi tí ilẹ̀ bá ti da gẹ̀ẹ́rẹ́ jù, ẹ to òkúta sínú rẹ̀ kí omi má baà máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Ẹ fi òkúta àti koríko sí ìparí rẹ̀.

Ẹ má darí omi yín sí ilé aládùúgbò. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n omi tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí sí ilé ẹlòmíì, ìjà ló ń bí. Kí gbogbo àdúgbò jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí ibi tí omi gbogbo wọn yóò gbà.

5. Gbígbẹ́ ìpìlẹ̀

Ẹ gbẹ́ ẹ dé ilẹ̀ líle tí ẹnikẹ́ni kò tú rí. Ọkùnrin tí Jésù sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé Lúùkù walẹ̀ jìn kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Omi kọ lu ilé rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé náà dúró. Bí òjò bá sọ ìsàlẹ̀ kòtò di ẹrẹ̀, ẹ kó ẹrẹ̀ náà jáde. Erùpẹ̀ tí ẹ wà jáde gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 jìnnà sí etí kòtò. Kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan wọ kòtò tó jìn, kí ọmọdé má ṣeré níbẹ̀, kí ẹ má sì gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri alámọ̀ tí omi ti rin.

Kí ṣáláńgá wà ní ìsàlẹ̀ kànga, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 100 jìnnà sí i.

6. Ìgbà wo ló yẹ?

Bí òjò bá ti dá lẹ́yìn oṣù kẹwàá, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí òjò oṣù kẹta tàbí ìkẹrin má baà ká iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Gọ́tà ni kó ṣáájú. Bí ẹ bá lè dúró kí òjò kan dán an wò kí ẹ tó to búlọ́ọ̀kù, ẹ dúró. Ẹ wo ibi tí omi bá gbà, kí ẹ tún un ṣe. Iṣẹ́ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀wẹ̀ sì lè ṣe é. Bí a bá ṣe ti opó lónìí, ká ṣe ti arúgbó lọ́la, ilé gbogbo yóò dúró.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ibo ni omi gbà wọ àdúgbò wa, ibo ló sì gbà jáde?
2. Ta ni nínú wa tí kò lágbára láti gbẹ́ gọ́tà tirẹ̀, ọjọ́ wo sì ni a ó lọ bá a gbẹ́ ẹ?