Yíyá ìwé láàárín ilé-ìkàwé: "yá", "wín" àti "fi ẹ̀dà ránṣẹ́"

Ojú méjì ni ọ̀rọ̀-ìṣe "yá" ní. Ẹni tó ní nǹkan a máa yá ni, ẹni tó ń wá a náà a sì máa yá a. "Ní" àti "lọ́wọ́" ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn. "Ìbàdàn yá Ifẹ̀ ní ìwé" fi hàn pé Ìbàdàn ló ni ìwé. "Ìbàdàn yá ìwé lọ́wọ́ Ifẹ̀" sọ pé Ifẹ̀ ló ni ín. Ọ̀rẹ́ méjì lè gbójú fo èyí. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ láàárín ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn àti Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀ ni, fọ́ọ̀mù tó kọ "ìwé tí a yá" lásán lè mú kí wọ́n wá ìwé síbi tí kò sí. Àmì ohùn náà ṣe kókó: ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, "a ya ìwé" ló kọ yẹn, ìwé sì ti fàya.

"Wín" kì í ṣe ẹgbẹ́ "yá". Iyọ̀, epo àti owó là ń wín: ẹni tó gbà á yóò lò ó tán, yóò sì fi irú rẹ̀ san án. Ohun tí a yá, òun gan-an là ń dá padà. Lóòótọ́, "yáwó" ti wọ ẹnu gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò lé e jáde mọ́. Ti ìwé yàtọ̀: a kì í wín ìwé, a kì í sì í san án, a máa ń dá a padà ni.

Ti ẹ̀dà tún yàtọ̀. Ní Boston Spa, ní Yorkshire, British Library ń pèsè àpilẹ̀kọ inú jọ́nà fún àwọn tó bèèrè láti ibòmíràn. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà àpilẹ̀kọ ni wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò dá padà, nítorí náà kì í ṣe yíyá. "Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́" ló tọ́; "ẹ yá wa ní ẹ̀dà" kò tọ́.

Ní ti orúkọ tí a ó fún ìwé tí a yá, èdè ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ṣòkòtò tí a gbà wọ̀ ni àgbàbọ̀, ohun tí a yá lò ni àyálò. "Ìwé àyákà" bá wọn mu dáadáa, ó sì kúrú ju "ìwé tí a yá láti ilé-ìkàwé mìíràn" lọ.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn fọ́ọ̀mù sábà máa ń fò ni "onídùúró". Nínú ìlànà IFLA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé lágbàáyé, ilé-ìkàwé tó bèèrè ìwé ni onídùúró: ọrùn rẹ̀ ni ẹrù ìwé náà wà láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín títí tí yóò fi padà síbẹ̀. Òǹkàwé ló ń kà á, ilé-ìkàwé rẹ̀ ló yá a. Kí ẹni tó bá ń ṣe fọ́ọ̀mù ní Yorùbá kọ orúkọ onídùúró náà sókè, kó sì ya apá tó wà fún yíyá ìwé sọ́tọ̀ sí apá tó wà fún ẹ̀dà.