ÌDÁRAYÁ ÀTI OKUN ARA: Ẹ̀KỌ́ FÚN TỌMỌDÉ TÀGBÀ NÍNÚ ÌJỌ

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí àwa tí a wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé kọ ẹ̀kọ́ kan tí yóò ṣe gbogbo ìdílé ní àǹfààní. A rò ó títí, a ní k'a kọ ọ́ nípa ara tí a fi ń sin Ọlọ́run. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ní ọjọ́ ìsìn, bí a bá ní kí ìjọ kúnlẹ̀, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì: àwọn tó ń kúnlẹ̀ ń dín kù, àwọn tó ń fi ọwọ́ ti àga kí wọ́n tó lè dìde ń pọ̀ sí i. Kì í ṣe àwọn ẹni àádọ́rin ọdún nìkan l'à ń wí. Àwọn ẹni ogójì wà nínú wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé Pọ́ọ̀lù ti parí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tó kọ sí Tímótì (1 Tím. 4:8). A mọ ẹsẹ náà dáadáa. Àpọ́sítélì fi ìwà-bí-Ọlọ́run ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n kò sọ pé eré ara kò ní èrè rárá. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rin ọ̀pọ̀ nínú ìrìn àjò rẹ̀. Kò sí ọ̀kadà nígbà náà.

Nílẹ̀ wa níbí pàápàá, ẹ jẹ́ k'a rántí àwọn òṣómàálò. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyí ru aṣọ sórí, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé, dé ilẹ̀ Èkìtì, dé Àkókó, dé Ìgbómìnà, wọ́n ń tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí ajigbèsè kò rí san, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí owó àwọn yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn èèyàn máa ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ara tó wà níbẹ̀: ìrìn ọ̀nà jíjìn, ẹrù lórí, ọrùn tó dúró ṣánṣán, àti ìlóṣòó fún wákàtí púpọ̀. Ta ló lè lóṣòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí nínú wa kó má pariwo orúnkún?

Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà ní oṣù keje ọdún 1930, tí òkìkí Joseph Ayọ̀ Babalọlá kàn káàkiri. Àwọn kan wọ lọ́rì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ rìn, tàwọn ti aláìsàn àti ohun èlò omi. Láti Òṣogbo sí Iléṣà tó bí ọgbọ̀n kìlómítà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ọ̀kadà ní ń gbé wa láti ojúlé dé Ọjà Ọba, ẹ̀rọ ní ń lọ ata fún wa, omi ń yọ láti inú bọ́ọ̀hòlù, àwọn ilé kan tilẹ̀ ti ra ẹ̀rọ tó ń gún iyán. A kò bú ẹ̀rọ o. Ẹni tó ti gún iyán fún àlejò ogún ló mọ ohun tí à ń sọ. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ tí ayé àtijọ́ fi dandan mú ara ṣe, àwa gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ wá a ṣe báyìí, nítorí kò ní wá bá wa mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1953, dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Ilé iṣẹ́ kan náà ni dẹ́rẹ́bà àti kọ́ńdọ́kítọ̀ ń bá ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà jókòó láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí; kọ́ńdọ́kítọ̀ ní tirẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó ọkọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń mú dẹ́rẹ́bà ju kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà yìí, ìwádìí lórí ìwádìí sì ń fi hàn pé ìjókòó pẹ́ títí kò dára fún ọkàn. Morris fúnra rẹ̀ lo ẹni ọdún 99 kó tó kú ní 2009. (Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ìjọ, ẹ má bínú sí wa. Bí ẹ bá ti páàkì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn yí ọkọ̀ ká.)

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Iṣan ni ọkàn, bíi ti apá àti ti itan. Iṣan tí a bá ń lò yóò lágbára, èyí tí a kò bá lò yóò rọ. Nígbà tí a bá ń rìn kíákíá, ọkàn a máa lù kíákíá láti gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ẹsẹ̀ ti ń bèèrè rẹ̀. Bí a bá ń ṣe é lóòrèkóòrè, ọkàn á mọ iṣẹ́ rẹ̀, á lè fi ìlù díẹ̀ ṣe ohun tó ń fi ìlù púpọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á máa wálẹ̀. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ a tún máa fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ lò, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń rọ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n máa rìn. Egungun náà ń le sí i bí a bá ń gbé nǹkan. Oorun á dùn. Ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ ọkàn pàápàá a máa fúyẹ́ lẹ́yìn ìrìn dáadáa. Ẹ dán an wò.

Mélòó ló tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 láàrin ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bí ó bá jẹ́ èyí tó le bíi eré sísá. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún ti pé 150. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, nítorí náà kí àwọn òbí má ṣe lé wọn kúrò ní pápá nítorí ariwo. Àwọn kan á ní ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lójúmọ́ ni dandan. Ọmọ Japan tó ń ta ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀ ní 1965 ni wọ́n ti mú iye yẹn wá, kì í ṣe dókítà ló pa á láṣẹ. Bí ẹ bá rìn tó bẹ́ẹ̀, ó dára. Bí ẹ kò bá tó o, èyí tí ẹ rìn kò ṣòfò.

Báwo l'a ṣe máa mọ̀ pé ìrìn wa tó ìrìn? Ẹnu la ó fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti wà ní ìwọ̀n. Bí ẹ bá ń kọrin geere, ẹ fi kún un. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, ẹ rọra. Ẹni tí kò ṣe rí, kó fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí oòrùn tó mú, kí èéfín ọkọ̀ tó bo títì. Ẹ wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má sì wọ aṣọ dúdú nínú òkùnkùn.

Ìrìn nìkan kò tó o. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó yẹ k'a fún iṣan ní iṣẹ́ tó nípọn. Kò gba owó. Ẹ gbé àga tó dúró dáadáa, ẹ jókòó, ẹ dìde láì fi ọwọ́ ti nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é. Ọmọ ìyá ìlóṣòó òṣómàálò nìyẹn, òun ló sì ń dá ìkúnlẹ̀ padà fún ẹni tó ti pàdánù rẹ̀. Ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í, ẹ tẹ ìgúnpá títí àyà yóò fi súnmọ́ ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà. Bí ẹ bá ń pọn omi, ẹ fi garawa kékeré méjì sí ọwọ́ méjèèjì dípò ńlá kan lọ́wọ́ kan, ẹ tẹ orúnkún kí ẹ tó gbé e, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ẹ má séèémí bí ẹ bá ń gbé ẹrù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ mí síta bí ẹ ti ń gbé e.

Fún àwọn bàbá àti màmá wa tó ti lé ní 65, ìṣubú ni ọ̀tá tó ń dọdẹ wọn. Ẹ dúró ti ògiri tàbí àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ ka 10, ẹ yí i sí èkejì. Ẹ máa ṣe irú èyí lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹnì kan wà nítòsí nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ń ṣe é.

Wọ́n á bi wá pé: ijó tí à ń jó nínú ìsìn ńkọ́? Ó kà, a fi tayọ̀tayọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jó ìlù wa fún ìṣẹ́jú 20 tí òógùn bò ó ti ṣe ìdárayá gidi, bẹ́ẹ̀ sì ni gígun òkè àdúrà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, lẹ́yìn rẹ̀ ni à ń jẹ iyán kókó mẹ́ta, tí a ń sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Èyí kò dọ́gba.

Ní ti àwẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba àwẹ̀ tí ẹ kò mu omi, ẹ má sáré, ẹ má gbé ẹrù wúwo nínú oòrùn. Ìrìn jẹ́jẹ́ ti tó, tàbí kí ẹ dúró di ẹ̀yìn ìṣínu. Ẹni tó ń lo abẹ́rẹ́ tàbí oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gba àwẹ̀ rárá, kó sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, nítorí egbò lè wà níbẹ̀ tí kò ní mọ̀ ọ́n lára. Èyí kan àwa tí a ń rìn láì wọ bàtà nínú aṣọ àdúrà gan-an. Aboyún lè rìn, ṣùgbọ́n kó bi nọ́ọ̀sì léèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo lọ́kàn wa jù nìyí. Bí àyà bá ń fún ẹnì kan lójijì, tí ìrora náà ń gba apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó; bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan ara rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu: ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ilé àdúrà títí di ọjọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn tó ń gbàdúrà máa gbà á lọ nínú ọkọ̀. A ti sin àwọn ẹni tó kéré lọ́jọ́ orí jù wá lọ nínú ìjọ yìí, a kò fẹ́ sin èyí tí wákàtí méjì ìdádúró fà. Nítorí náà pẹ̀lú, ẹni tó bá ti lé ní 40, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá tó le; kì í dun ni, kì í sì í sábà fi àmì hàn.

Ìpínlẹ̀ wa ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà ìjọba Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá (2010 sí 2018), wọ́n ṣe ìrìn tí wọ́n pè ní Walk to Live, gómìnà fúnra rẹ̀ ń ṣáájú, èrò ń tẹ̀ lé e. Wọ́n tún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìdárayá alájọṣe tó wuni wò. Ẹni tí kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà rí ẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ náà, torí pé aládùúgbò rẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò parí, àwọn tí a mọ̀ padà sórí àga. Ìjọ kì í parí ní ọdún mẹ́jọ, ìyẹn ló jẹ́ k'a dábàá tiwa.

Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i pé, láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ayẹyẹ yìí, a ó máa rìn ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 6, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ìṣẹ́jú 30 ni, ìpín méjì la ó sì ní: àwọn tó ń rìn kíákíá ń lọ níwájú, àwọn màmá àti bàbá ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀dọ́ méjì. Kí olúkúlùkù mú omi rẹ̀ dání. Ẹni tó ń lo oògùn, kó sọ fún nọ́ọ̀sì ìjọ kó tó wá. Orúkọ ń bẹ ní gbígbà lọ́dọ̀ wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn, àwọn àlejò tó ń gbé nítòsí náà lè fi tiwọn sílẹ̀.