Update Dé, Bátìrì Ò Dọ́sàn-án Mọ́

Ìbéèrè: Látìgbà tí mo ti ṣe update fóònù Android mi, bátìrì tó máa ń bá mi dalẹ́ kì í dọ́sàn-án mọ́. Ṣé kí n ra tuntun ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Lẹ́yìn update, fóònù ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀: ó ń tún àwọn áàpù tò kí wọ́n lè bá ètò tuntun mu, èyí sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò yí padà, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Battery. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí áàpù tó ń jẹ iná jù. Ó lè jẹ́ èyí tí kò tíì gba update tirẹ̀. Ẹ wá a lọ sí Play Store, kí ẹ sì ṣe update rẹ̀. Ẹ má gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Níbi tí 5G ò ti lágbára, ṣe ni fóònù á máa wá a kiri ṣáá, iná á sì máa lọ. Ẹ dá a padà sí 4G. Àwọn áàpù tó ní àwọn ń tọ́jú bátìrì yẹn ńkọ́? Ẹ yọ wọ́n dànù, iná làwọn náà ń jẹ.

Àmọ́ bí fóònù náà bá ti lo ọdún mẹ́ta sókè, bátìrì lè ti gbó lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe.