Sítíárìn Ọkọ̀ tí Iná Mànàmáná Ń Ràn Lọ́wọ́

Sítíárìn ni awakọ̀ fi ń darí táyà iwájú ọkọ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ń gba èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island, èyí tí a ṣí ní ọdún 1977, wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Ajégúnlẹ̀ tí ó múlé ti Àpápá, mẹkáníìkì tí ń fi àtúnṣe ọkọ̀ jẹun kò kéré. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá yí padà lára ọkọ̀ òkè òkun, dandan ni kí ó kan iṣẹ́ wọn.

Láyé àtijọ́, agbára apá awakọ̀ nìkan ni ó ń yí sítíárìn. Ní ọdún 1951 ni Chrysler ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí epo ń bá awakọ̀ yí i. Ẹ́ńjìnnì a máa fi bẹ́líìtì yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù a sì máa ti epo lọ sí ìdí sítíárìn. Àléébù rẹ̀ ni pé pọ́ǹpù yìí kì í sinmi, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń lọ tààrà. Ó sì ń fi bẹntiróòlù ṣòfò.

Ní ọdún 1988, Suzuki ti ilẹ̀ Japan fi irú mìíràn sára ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tí ń jẹ́ Cervo. Èyí kò ní pọ́ǹpù, kò sì ní epo. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń wọn agbára tí awakọ̀ fi yí ọwọ́. Kọ̀ǹpútà a sì pàṣẹ fún mọ́tò iná láti ràn án lọ́wọ́. Ìgbà tí awakọ̀ bá yí ọwọ́ nìkan ni mọ́tò yìí ń gba iná púpọ̀.

Ohun méjì ni ó mú kí ọjà rẹ̀ gbòòrò: ó ń dín epo kù, ọkọ̀ tí bátìrì ń wà kò sì ní ẹ́ńjìnnì tí yóò yí pọ́ǹpù. Corolla ọdún 2009 tí Toyota tà ní Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tírélà tí ń kó ẹrù ní Àpápá ṣì ń lo epo, nítorí ìwúwo tí ń bẹ lórí táyà iwájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn:

1. Bí sítíárìn bá le lójijì, iná lè ti dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró. Irin tí ó so ó mọ́ táyà kò tíì já. Kí awakọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ó dẹ eré, kí ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ títì.

2. Kí a tó ra sítíárìn tuntun, kí a kọ́kọ́ yẹ bátìrì, fíùsì àti ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì wò. Ọ̀pọ̀ owó lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òfò.

3. Omi àgbàrá lè ba ojú ìsopọ̀ wáyà jẹ́. Kò yẹ kí a wa ọkọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ ju pọ́ǹpù àti epo lọ yóò máa dá oníbàárà padà. Ó tọ́ kí mẹkáníìkì àti réwáyà kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, nítorí bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà.