Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Ọmọ Wa Kékeré

Ibi kíkà: Máàkù 10:13–16

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ọmọ ń sọ fún wa, kí a sì mọ bí ó ṣe yẹ kí á dá a lóhùn.

Ilé tí ọmọ kékeré bá wà, ẹ̀rín kì í wọ́n níbẹ̀. Bí àdúrà alẹ́ bá gùn jù, ọmọ yóò máa ṣe "Àmín" ní gbogbo ibi tí bàbá bá ti mí, kí oúnjẹ lè tètè dé. A máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún ara wa lọ́jà àti lẹ́yìn ìpàdé, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì gbàgbé. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ dúró díẹ̀ kí á wò ó dáadáa. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa tí a ń gbé Modákẹ́kẹ́ mọ òwe yìí dunjú. Ṣùgbọ́n ṣé a gbà lóòótọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́n?

1. Ọmọ ń ronú kí ó tó sọ̀rọ̀

Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ òǹkà. Ó kà á dé mẹ́wàá, ó ní mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ó fi ayọ̀ pariwo pé, "Márùn-únlá!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? Kò sí àgbà kan tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé a ń fi ọ̀kan, méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin lé mẹ́wàá, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé láti orí 15, inú 20 ni àwa Yorùbá ti ń yọ ọ́: 15 jẹ́ 20 tí a yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn márùn-úndínlógún. Ìṣirò ni ọmọ náà ṣe. Ẹni tó bá pè é ní òpè ti na ọgbọ́n lẹ́gba.

Bákan náà ni ti àkànlò èdè. Ìyá ní, "Inú mi bàjẹ́," ọmọ béèrè bóyá kí òun lọ gbé agbo wá. Ìyá àgbà ní, "Orí mi wú," ọmọ gun àga kí ó lè fọwọ́ kan ibi tó wú. A sì kọ́ òmíràn pé kí ó máa fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀. Nígbà tí òbúkọ ilé kejì dé ìdí àwo èlùbọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ èlùbọ́ màmá mi." Ó rí irùngbọ̀n ni! Ohun tí a kọ́ ọ ló ń lò.

2. Ọmọ ń fi wá ṣe àwòkọ́ṣe

Olówó-èsúsú kanlẹ̀kùn, a rán ọmọ pé kí ó sọ fún un pé a kò sí nílé. Ọmọ jáde, ó ní, "Màmá mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé." Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí àwa kọ́ ọ ní ilé ìjọsìn ló sọ yẹn.

Ẹ tún wò ó nígbà tó bá ń ṣeré. Ó pọn ọmọlangidi sẹ́yìn, ó ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ nínú agolo mílíìkì. Lójijì ó jágbe mọ́ ọmọlangidi náà: "Dákẹ́ jọ̀ọ́! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" A rẹ́rìn-ín, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan gbé dígí síwájú wa. Ohùn ta ni ọmọ ń lò yẹn?

Kì í ṣe èyí tí kò dára nìkan ni wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú ààbọ̀ àkàrà jáde, yíǹkẹ̀ àti òwú àpò ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Màmi, mo fi tiyín pamọ́." Ibo ló ti rí i? Ó ti rí i tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹran sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ nítorí àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ àkàrà náà.

3. Èdè wo ni ọmọ fi ń ronú?

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti sọ wọ̀nyí, Yorùbá ni ọmọ fi sọ wọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìyá ń fòfin de Yorùbá nínú ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá ìyá fúnra rẹ̀ lójú ló fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Come," "Sit down," "Stop it." Àṣẹ nìkan ló kù, ìtàkurọ̀sọ ti tán.

Ìlú wa yìí ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Kíláàsì méjì fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún 6 gbáko. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Kíláàsì kẹta lo Yorùbá fún ọdún 3, ó sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. A kò sọ pé kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á má gba èdè tó fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

4. Ẹ̀rín méjì ló wà

Ẹ̀rín kan wà tí àwa àti ọmọ jọ ń rín. Òmíràn wà tí a fi ń dójú ti ọmọ: a ó pe àlejò, a ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí aláìmọ̀kan yìí sọ." Ọmọ tí a bá ń ṣe báyìí fún yóò pa ẹnu dé. Ewu sì wà nínú èyí. Ọmọ tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òbúkọ lẹ́nu rẹ̀, kò ní sọ fún wa nígbà tí inú bá ń run ún, tàbí nígbà tí àgbà kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ẹnu kan náà tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni yóò fi ké sí wa. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá pa wá lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí á rín in, kí á fà á mọ́ra, kí á béèrè pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Lẹ́yìn náà ni kí á wá ṣàlàyé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín sọ láìpẹ́ yìí tó pa yín lẹ́rìn-ín? Ìrònú wo ló wà nínú rẹ̀?
2. Bí ọmọ bá ń sín wa jẹ nínú eré, kí ni a fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?
3. Àwọn ọmọlẹ́yìn fẹ́ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn nínú ibi kíkà wa. Ní ọ̀nà wo ni àwa náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí olúkúlùkù wa ra ìwé kékeré kan, kí á máa kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Bí wọ́n bá dàgbà, kò sí ẹ̀bùn tí yóò dùn mọ́ wọn tó o.