Àjàní, Sọ Méjèèjì

Aro,
Abẹ́òkúta.

Àjàní, ọmọ àbúrò mi,

Mo ti délé láti ọ̀dọ̀ rẹ ní Enugu. Bá mi kí ìyá onílé rẹ, kí o sọ fún un pé adùn okpa gbígbóná tó ń gbé wá fún wa láràárọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lójú rẹ ní Abakpa ni mo fẹ́ kọ yìí. Mo rí i pé ojú ń tì ọ́, mi ò sì fẹ́ kí o máa sá fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ, o kò rí mi. O fẹ́ fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. O fi itọ́ lọ́ ẹnu òwú náà, o tún gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé. Ni o bá wo ọ̀tún, o wo òsì, o fa ọtí inú ọ̀rá kan yọ lábẹ́ aṣọ oníbàárà, o fi eyín ya á, o dà á sọ́fun. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọwọ́ rẹ dúró, òwú sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àjàní, mo padà sínú ilé lọ sunkún.

Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀ ni oorun ti fò lójú rẹ. O sọ fún mi pé àyà rẹ máa ń já lóru bí ẹni tí wọ́n ń lé, pé kò sí ohun tó tún dùn mọ́ ọ nínú. Ọ̀rá kan ni o kọ́kọ́ ń mu kí o lè sùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó yá, o ra oògùn oorun, o kò sọ fún ẹni tó tà á pé o ń mutí. Bẹ́ẹ̀ oògùn oorun àti ọtí lápapọ̀ lè dá èémí dúró lára ẹni tó sùn. O ní kí pásítọ̀ gbàdúrà lórí ọtí, o kò sọ ti ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ lò ń sọ níbi gbogbo, ìdajì ìwòsàn náà lò ń rí.

Wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ di kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wàá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gidi kó tó yí. Bí ẹni náà bá jáwọ́ lójijì, abẹ́rẹ́ á sá eré àsápajúdé. Ọtí ni ọwọ́ tó di ọpọlọ rẹ mú. Ọpọlọ náà ti ń tẹsẹ̀ le láti ọjọ́ pípẹ́ kó lè máa ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí ọtí ti dá lára rẹ, ọwọ́ ti kúrò, ẹsẹ̀ ṣì ń tẹ̀: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ọ́, àyà á máa já. O rò pé ọtí ń wo ìbẹ̀rù rẹ sàn, bẹ́ẹ̀ ọtí àná ló bí púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù àárọ̀ òní.

Nítorí náà, má ṣe dá ọtí dúró lójijì fúnra rẹ. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára báyìí, bó bá dédé jáwọ́, gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 6 sí 48. Bó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹlòmíì á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Dókítà ni yóò fún ọ ní oògùn tí wọ́n á máa dín kù lójoojúmọ́, pẹ̀lú fítámì B1. Bí wọ́n bá ní kí o kọ́kọ́ sùn lọ́dọ̀ àwọn fún ọjọ́ mélòó kan, gbà fún wọn.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Upper Chime, ní New Haven, nínú Enugu níbẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ náà ń bà ọ́ lẹ́rù. Aro, níbi tí ilé ìwòsàn irú rẹ̀ wà, ni wọ́n ti bí mi. Mo mọ ojú tí ayé fi ń wo ẹni tó bá gba ẹnubodè bẹ́ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo fojú rí. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, ó sì máa ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé nígbà náà, tàwọn tẹbí wọn. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Láàárọ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á lọ gba ìtọ́jú. Nírọ̀lẹ́, á bá wa bó ẹ̀gẹ́. Ilé wa ló ti gbádùn, ó sì padà sí ọjà rẹ̀. Ìwọ náà lè máa lọ kí o máa bọ̀, kí o sùn sórí ibùsùn rẹ, kí ṣọ́ọ̀bù rẹ má kú.

Wọ́n á bi ọ́ léèrè: ọ̀rá mélòó lójúmọ́? Ìgbà wo lo ń mu àkọ́kọ́? Ṣé gìrì ti mú ọ rí? Ṣé ikú ń wù ọ́? Má dín ẹyọ kan kù. Bí ikú bá sì wù ọ́ lọ́jọ́ kankan, sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà gan-an, kí o pè mí, ì báà jẹ́ òru.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi 2 sí 4 tí ọtí ti kúrò lára, wọ́n á tún wo ìbànújẹ́ náà. Ti ẹlòmíì máa ń bá ọtí lọ. Bí tìrẹ bá kù, òun náà ní oògùn tirẹ̀, tó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Má sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú olùtọ́jú náà ṣe pàtàkì. Wọ́n lè ní kí o máa kọ ìgbà tí òùngbẹ ọtí bá gbé ọ, ibi tí o wà, ohun tí o ń rò. Nínú oṣù kejì ọdún 2024, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọtí inú ọ̀rá kúrò lọ́jà, síbẹ̀ mo ka àtẹ mẹ́rin tí wọ́n ti ń tà á láàárín ilé rẹ àti ọjà Abakpa. Kí ìwọ àti olùtọ́jú náà jọ wá ọ̀nà mìíràn tí wàá máa gbà. Níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, bí wọ́n bá bu ọtí fún ọ, sọ pé, “Dókítà ní kí n má mu.” Kò sí àgbà tó máa bínú sí i.

Bí o bá ṣubú lójú ọ̀nà, tí o tún mutí, má sá fún dókítà. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Mo fi àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún ránṣẹ́. Bùbá àti ìró ni mo fẹ́. Má kánjú rán an. Lọ́jọ́ tí òwú bá wọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ láìsí ọ̀rá kankan, ọjọ́ náà ni kí o gé e.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.